Ọmọ Lọ Síbi Orò, Rẹ́jísítà Ní Kò Wá

Iṣẹ́ tíṣà adelé ni mo ń ṣe ní Alice Springs, ìlú tí àwọn Arrernte tó nilẹ̀ ń pè ní Mparntwe, láàárín gbùngbùn aṣálẹ̀ Ọsirélíà. Tíṣà adelé kì í ní kíláàsì tirẹ̀. Ibi tí tíṣà kan bá ti ṣàìsàn ni wọ́n á rán an lọ. Nítorí náà, ohun tí mo mọ̀ dunjú jù nínú iṣẹ́ yìí ni rẹ́jísítà, torí òun ni wọ́n máa ń gbé lé mi lọ́wọ́ kí n tó mọ ojú ọmọ kankan. Orí kọ̀ǹpútà ló wà báyìí. Ọmọ tó bá wà, o máàkì rẹ̀. Ọmọ tí kò bá sí, o gbọ́dọ̀ yan ìdí kan fún un: ara rẹ̀ ò yá, ó lọ rí dókítà, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, tàbí kẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó wà.

Láàárín àwọn ìdí yẹn, ọ̀kan wà fún àṣà. Bí ọmọ Aboriginal (àwọn tó nilẹ̀ Ọsirélíà kí òyìnbó tó dé) bá lọ síbi òkú tàbí síbi orò ìdílé rẹ̀, tí àwọn ará ilé sì fi tó ilé-ìwé létí, àìwá rẹ̀ di àìwá tó ní àṣẹ. Kò sẹ́ni tó máa bá ìyá rẹ̀ wí. Ohun tó dára ni, mi ò sì ní bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó jà fún un. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kí wọ́n fún ọmọ láyè lọ síbi kan yàtọ̀ sí kí wọ́n gbà pé ẹ̀kọ́ ló lọ kọ́ níbẹ̀. Ìjọba ti ṣe ti àkọ́kọ́, ó wá káwọ́ gbera bí ẹni pé ó ti ṣe méjèèjì.

Òfin ilé-ìwé kò dọ́gba káàkiri Ọsirélíà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ní New South Wales, dandan ni ilé-ìwé láti ọmọ ọdún 6 títí di 17, òbí sì ní ọjọ́ 7 láti ṣàlàyé ìdí tí ọmọ kò fi wá. Ìsìnkú wà lára ohun tí wọ́n ń gbà, wọ́n kà á mọ́ ọ̀rọ̀ ìdílé tó dé lójijì. Ní Western Australia, àìwá nítorí àṣà ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ́jísítà, lọ́tọ̀ sí àìsàn. Ní Victoria, òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 2006 gba ọmọ tó bá lọ ṣe ọdún ìsìn rẹ̀ láyè. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé ọ̀gá ilé-ìwé ló máa ń pinnu bóyá ìdí náà tó ìdí. Mo ń padà bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ òkú ṣe rí níbí, torí òun ló ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ jù. Sorry business ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àti dúdú àti funfun. Bí ènìyàn bá kú, àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń kó kúrò nínú ilé tó gbé. Ẹbí á péjọ sójú kan, wọ́n á jókòó, wọ́n á sun ibẹ̀, wọ́n á máa retí àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Yuendumu, tó jẹ́ ìlú àwọn Warlpiri, fi nǹkan bíi 290 kìlómítà jìnnà sí wa lójú ọ̀nà Tanami, bẹ́ẹ̀ ibi tó sún mọ́ ni wọ́n ka Yuendumu sí níbí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè kọjá kí wọ́n tó sin òkú. Ẹ wá fi ìyẹn wé ọjọ́ 7 tí a fi ń kọ lẹ́tà àlàyé.

Ta tilẹ̀ ni òkú ẹni? Lọ́dọ̀ àwọn Warlpiri àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Aboriginal mìíràn, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ obìnrin, ìyá rẹ ni. Àbúrò bàbá rẹ ọkùnrin, bàbá rẹ ni. Àwọn ọmọ wọn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ ni. Yorùbá tó ń ka èyí ò nílò àlàyé, àwa tí òyìnbó ti bi léèrè títí pé ṣé ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin àti "ẹ̀gbọ́n" yín yìí. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé á fẹ́ mọ irú ẹbí tí òkú jẹ́ sí ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á ní ìyá òun ló kú. Akọ̀wé á wo àkọsílẹ̀, á rí i pé ìyá tó bí ọmọ náà ló mú un wá sílé-ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ti di òpùrọ́ nìyẹn, kò sì purọ́.

Ohun kan tún wà tí rẹ́jísítà kò mọ̀. Ní apá ibí yìí, wọn kì í dárúkọ òkú. Àwa ń ki òkú tiwa ni, a ń pe oríkì rẹ̀ títí dé ọ̀run. Àwọn ń gbé orúkọ náà jẹ́ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú òkú, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Kumanjayi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ṣí kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, Àǹtí kan tó ń bá ilé-ìwé náà ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹbí tọ̀ mí wá. Ó fi ọwọ́ bo orúkọ kan lójú kọ̀ǹpútà.

"Má pe ìyẹn lónìí. Kumanjayi ni kó o pè é."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Títí di ìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi sọ pé ó tó."

Mo pe Kumanjayi, ọmọkùnrin náà dáhùn, a ń bá iṣẹ́ lọ. Bí Àǹtí yẹn kò bá sí níbẹ̀, ǹ bá ti pe orúkọ òkú létí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀, gbogbo ẹ̀yìn kíláàsì ì bá sì ti dákẹ́, ǹ bá máa rò pé wọn ò fẹ́ràn mi ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ mẹ́ta nínú kíláàsì náà kò wá mọ́. Wọ́n ti lọ jókòó ti ẹbí wọn.

Ní àríwá pátápátá, àwọn ará erékùṣù Torres Strait ní tiwọn, tó máa yé Yorùbá kíá. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti kọjá, wọ́n á ṣí òkúta ojú oórì. Ẹbí tó ti di ará Cairns tàbí Townsville á padà sí erékùṣù, oúnjẹ á wà, ijó á wà, wọ́n á ṣí aṣọ lórí òkúta náà. Ọdún ni wọ́n fi ń tọ́jú owó rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe òkú àgbà ní Ìjẹ̀bú rí mọ̀ pé a kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọlidé ilé-ìwé, ìgbà tí owó bá pé tí gbogbo ọmọ olóògbé sì lè wá ni.

Àwa náà kúkú mọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú òyìnbó mìíràn. Ní England, láti 2013, ọ̀gá ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ọmọ lásìkò táàmù àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Láti oṣù kẹjọ 2024, £80 ni òbí kọ̀ọ̀kan á san lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, á sì di £160 bí ọjọ́ 21 bá kọjá kí wọ́n tó san. Àwọn ará wa ní Peckham tó kó ọmọ lọ sílé lọ sin màmá àgbà lè sọ bóyá òkú màmá àgbà ṣàrà ọ̀tọ̀ lójú ọ̀gá ilé-ìwé wọn. Mi ò ní gba ẹnu wọn sọ ọ́.

Ti òkú tilẹ̀ rọrùn, torí gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí òkú jẹ́. Ti orò ló le. Ní aṣálẹ̀ àárín yìí, àsìkò ooru ni wọ́n sábà máa ń ṣe orò tí wọ́n fi ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin, láti bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ìparí oṣù kìíní sì ni ilé-ìwé máa ń wọlé fún ọdún tuntun. Ẹ rí i pé wọ́n ti kọlu ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohun tí kò dára. Mo rí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé kan tó ní kí òbí "ṣàpèjúwe ètò àṣà náà ní ṣókí". Màmá àgbà kan ti kọ orúkọ ọmọ, ó ti kọ ọjọ́, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Akọ̀wé ní fọ́ọ̀mù náà kò pé, kí n bá òun pe màmá náà.

Èmi kọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú. Obìnrin ni mí, ìlú tí wọ́n ti ń pa ìlẹ̀kùn dé bí Orò bá fẹ́ jáde ni wọ́n bí mi sí. Màmá mi kì í bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níta, kì í sì í ṣe pé kò gbọ́n. Ohun tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ mọ̀, ohun tí ọmọ tí wọn kò tíì ṣe orò fún kò gbọ́dọ̀ gbọ́, wọ́n ní kí màmá àgbà kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù kí akọ̀wé kà á, kí wọ́n sì kì í bọ fáìlì. Mo sọ fún akọ̀wé pé àyè tó fi sílẹ̀ yẹn ni ìdáhùn rẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó fi fọ́ọ̀mù náà sábẹ́ àwọn yòókù. Bóyá ó gbà á, bóyá kò gbà á, mi ò mọ̀, torí ilé-ìwé mìíràn ni mo wà lọ́jọ́ kejì.

Ká tilẹ̀ sọ pé wọ́n gba gbogbo fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti wọlé. Ọdún ilé-ìwé ní nǹkan bíi 200 ọjọ́. ACARA, àjọ tó ń kó àkọsílẹ̀ ilé-ìwé gbogbo orílẹ̀-èdè jọ, máa ń tẹ iye ọjọ́ tí àwọn ọmọ wá jáde, ó sì tún ń ka iye ọmọ tó wá ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé 20 ọjọ́ péré ló wà lọ́wọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún. Nínú ìṣirò náà, àìwá ni àìwá ń jẹ́. Ó ní àṣẹ o, kò ní àṣẹ o, ọjọ́ yẹn ti lọ. Ọmọ tó sin òkú méjì, tó sì lọ síbi orò lẹ́ẹ̀kan, ti jẹ 20 ọjọ́ rẹ̀ tán kí ibà tó mú un rárá.

Kí ló dé tí òkú fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àjọ ìṣirò Ọsirélíà ní ọmọkùnrin Aboriginal tàbí Torres Strait tí wọ́n bá bí láàárín 2020 sí 2022, ọdún 71.9 ni wọ́n retí pé yóò lò láyé, obìnrin 75.6. Ó fi ọdún 8.8 kéré sí ti ọkùnrin yòókù, ó sì fi 8.1 kéré sí ti obìnrin yòókù. Àwọn ènìyàn ń kú kó tó yẹ kí wọ́n kú, ẹbí wọn tóbi, àwọn ọmọ ń tẹ̀lé òkú wọn lọ sí ilẹ̀, a wá ń fi ọjọ́ ìsìnkú pe àwọn ọmọ ní ìsáǹsá. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa wá sílé-ìwé lójoojúmọ́, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn.

Ìjọba gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Láti 2009, wọ́n gbé ètò kan jáde tó lè dá owó ìrànwọ́ òbí dúró bí ọmọ kò bá wá sílé-ìwé. Ìparí 2017 ni wọ́n pa á tì. Ní 2014, wọ́n gba àwọn ọmọ ìlú síṣẹ́ ní àwọn abúlé tó jìnnà, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, wọ́n ń gbé bọ́ọ̀sì láti ilé dé ilé láàárọ̀. Ìyẹn sàn jù, torí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn mọ ẹni tó kú. Ọdún yẹn náà ni àwọn olórí ìjọba fẹnu kò pé láàárín ọdún márùn-ún, ọmọ Aboriginal á máa wá sílé-ìwé bíi ti àwọn yòókù. Nígbà tí 2018 pé, 82 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn, 93 ni ti àwọn yòókù, kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe bá a. Nínú àdéhùn tuntun tí wọ́n ṣe ní oṣù keje 2020, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ wíwá ojoojúmọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n fẹ́ lé bá, wọ́n gbájú mọ́ iye ọ̀dọ́ tó parí ilé-ìwé. Rẹ́jísítà tó wà níwájú mi láàárọ̀ kò tíì gbọ́.

Ìtàn kan wà lẹ́yìn gbogbo èyí tí àwọn màmá àgbà kò gbàgbé. Ní 1902, mínísítà ẹ̀kọ́ New South Wales pàṣẹ pé bí òbí òyìnbó kan bá ti ṣàròyé, kí tíṣà lé àwọn ọmọ Aboriginal kúrò ní ilé-ìwé. Títí di 1972, ìwé ìlànà tíṣà níbẹ̀ ṣì fún ọ̀gá ilé-ìwé láyè láti má gbà wọ́n wọlé. Ní 1915, ìpínlẹ̀ kan náà yìí ṣe òfin tó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìjọba lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láì lọ sí kóòtù. Nítorí náà, bí lẹ́tà bá dé láti ilé-ìwé pé ọmọ rẹ kì í wá, ohun tí màmá kan ń rò kì í ṣe owó ìtanràn. Ó ń rò pé wọ́n ń bọ̀ wá gba ọmọ. Wọ́n lé ìyá rẹ̀ kúrò nílé-ìwé, wọ́n wá fi òfin mú un pé ọmọ-ọmọ kò wá.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ, torí àwọn Aboriginal fúnra wọn ń sọ ọ́. Noel Pearson, lọ́yà láti Hope Vale ní Cape York ní àríwá Ọsirélíà, ti ń pariwo fún ọdún pípẹ́ pé ọmọ tí kò bá mọ̀wé kò lè jà fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní kí ọmọ mọ ti ilé, kó mọ ti òyìnbó, kó máa lọ kó máa bọ̀ láàárín méjèèjì. Mo gbà fún un. Mo ti kọ́ ọmọ ọdún 14 tí kò lè ka àkọlé ìgò oògùn, kì í sì í ṣe orò ló gba ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àìsùn ni, ìjà ilé ni, tẹlifóònù ni. Bí a bá ń fi àṣà bo irú ìyẹn mọ́lẹ̀, àṣà la ń bà jẹ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Cape York. Láti 2008, ìgbìmọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Family Responsibilities Commission. Bí ọmọ bá ṣàìwá ní ọjọ́ mẹ́ta nínú táàmù kan láìsí ìdí gidi, ìròyìn á kan ìgbìmọ̀ náà lára, wọ́n lè pe òbí wá jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta! Ó le ju ti ibikíbi tí mo mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó sórí àga kọmíṣọ́nà níbẹ̀, àgbà ìlú ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún àgbà Aurukun, ọ̀kan lára àwọn ìlú ibẹ̀, pé òun wà níbi òkú nígbà tí kò sí òkú, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọmọ pé ṣé ìyá yẹn ló bí ọ. Ohun tó ń dà mí láàmú nípa ìdí tó ní àṣẹ wà níbẹ̀ yẹn. Mi ò ní kí òfin rọ̀. Ẹni tó ń gbé ìdájọ́ ìdí kalẹ̀ ni mò ń bi léèrè.

Ibi tí wọ́n ti ṣe é dé ibi tó wù mí ni Yirrkala, ní ìlà-oòrùn àríwá Arnhem Land, láàárín àwọn Yolŋu. Ní 1990, Dókítà M. Yunupingu, ọmọ Yolŋu, di ọ̀gá ilé-ìwé ibẹ̀. (Lẹ́tà kan ni wọ́n ń kọ fún orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti kú ní 2013.) Ganma ni ó ń fi ṣe àlàyé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́: ibi tí omi odò àti omi òkun ti pàdé, tí méjèèjì ń lọ́ mọ́ra wọn, tí odò kò sì pa òkun. Èdè Yolŋu àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà ní kíláàsì. Àwọn àgbà wà lára àwọn tó ń pinnu ohun tí wọ́n máa kọ́ àti ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ, etí òkun lè jẹ́ kíláàsì. Ní 2008, ìjọba Northern Territory, tí Alice Springs náà wà lábẹ́ rẹ̀, kéde pé wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ilé-ìwé. Yirrkala kò fi tiwọn sílẹ̀. Ní 2020, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ níbẹ̀ gba máàkì tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ nípa ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì kọ́ ìṣirò. Ètò kan tún wà ní Arnhem Land láti 2013, Learning on Country, tí àwọn olùṣọ́ ilẹ̀ àti àwọn àgbà ń kó ọmọ ilé-ìwé jáde lọ sínú igbó àti etí omi, ara iṣẹ́ ilé-ìwé sì ni. Ọmọ tó bá lọ ti wá sílé-ìwé lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí mo ń bèèrè kò ju ìyẹn lọ. Bí mo bá kó kíláàsì sínú bọ́ọ̀sì lọ sí mùsíọ́mù láti wo àwòrán tí àwọn Arrernte yà, gbogbo wọn ló wá sílé-ìwé lọ́jọ́ náà. Bí màmá àgbà bá kó àwọn ọmọ kan náà lọ sí ilẹ̀ tí àwòrán yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó fi ibi tí omi ń sun hàn wọ́n, tó kọ́ wọn ní orin ibẹ̀, wọn kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ NAIDOC, tí Ọsirélíà fi ń yẹ́ àwọn Aboriginal sí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ọlidé ni a máa ń wà níbí, nítorí náà ilé-ìwé á yan ọjọ́ mìíràn láàárín táàmù, wọ́n á kun ojú àwọn ọmọ, wọ́n á jó ní pápá, a ó máàkì gbogbo wọn pé wọ́n wá.

Mo bi ọ̀gá kan pé kí ló dé tí a kò lè ka ọjọ́ màmá àgbà mọ́ ọjọ́ ilé-ìwé bíi ti mùsíọ́mù. Kò bínú, ènìyàn dáadáa ni. Ó ní ta ló máa jẹ́rìí sí i pé àwọn ọmọ kọ́ nǹkan kan lóòótọ́. Mo ní kó bi Àǹtí tó wà ní yàrá kejì, tí ìjọba ń san owó oṣù fún nítorí pé ó mọ àwọn ẹbí wọ̀nyí. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun á gbé e lọ sí ìpàdé. Táàmù ti wọlé, ó ti jáde, Àǹtí ní wọn kò tíì pe òun sí ìpàdé kankan.